Àwọn ará ìlú tó ń ṣọ́ àdúgbò l'Amẹ́ríkà, 1941 sí 1945: kí ni iṣẹ́ wọn gan-an?

Arẹwà_Èdè kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ojú-òpó yìí. Eré rédíò alápá mẹ́fà là ń kọ lọ́wọ́. Ìlú kékeré kan létí òkun ní New Jersey la gbé e sí, láti oṣù kẹta títí di oṣù kẹjọ ọdún 1942. Obìnrin adúláwọ̀ kan, ìyàwó ilé, ló fara rẹ̀ sílẹ̀ láti máa ṣọ́ àdúgbò rẹ̀ lóru nítorí ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá. Ohun tó wà nínú ìwé wa báyìí kò ju pé ó dé akoto funfun, ó ń fọn fèrè, ó ń pariwo pé kí wọ́n paná. Ìyẹn ò tó. Kí ló máa ń wà lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ta ló ń jẹ́ iṣẹ́ fún? Bí bọ́ǹbù bá já lu òrùlé ńkọ́, kí ló máa kọ́kọ́ ṣe? Ẹnì kan láàárín wa tún ń sọ pé eré ọmọdé ni gbogbo rẹ̀, torí pé bọ́ǹbù kankan ò já sí New Jersey. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là wá lọ́yẹ̀.

Bàbá_Àkójọ kọ:

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ni àṣẹ bẹ̀rẹ̀. Ní 20 oṣù karùn-ún 1941, ṣáájú kí Japan tó kọlu Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà ní Hawaii, Ààrẹ Franklin Roosevelt fọwọ́ sí ìwé tó dá Office of Civilian Defense sílẹ̀, ọ́fíìsì ìjọba fún ààbò àwọn ará ìlú. OCD ni gbogbo ayé ń pè é. Fiorello La Guardia, olórí ìlú New York, ni wọ́n kọ́kọ́ fi jẹ olórí rẹ̀, kò sì tìtorí ẹ̀ fi ipò New York sílẹ̀. Eleanor Roosevelt, ìyàwó Ààrẹ, wọlé gẹ́gẹ́ bí igbákejì ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ò wọ̀ rárá. La Guardia ń ro ti panápaná, fèrè ìkìlọ̀ àti akoto. Eleanor ń ro ti ìtọ́jú ọmọ, oúnjẹ àti ìlera. Ní oṣù kejì 1942 ni àwọn aṣòfin gbaná jẹ, nígbà tí wọ́n gbọ́ pé oníjó kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Eleanor wà lára àwọn tó ń gba owó níbẹ̀. Wọ́n ní owó OCD kò gbọdọ̀ bá ijó lọ. Àwọn méjèèjì kúrò, James Landis, olórí ilé-ẹ̀kọ́ òfin ní Harvard, sì bọ́ sípò. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ olórí OCD nínú eré yín, Landis ni kó jẹ́.

Ṣùgbọ́n Washington kọ́ ló ń rán obìnrin yín níṣẹ́. Ìpínlẹ̀ ní ìgbìmọ̀ ààbò tirẹ̀, ìlú kọ̀ọ̀kan náà ní tirẹ̀. Ìlú ló ń gba orúkọ àwọn olùyọ̀ǹda, tó ń dá wọn lẹ́kọ̀ọ́, tó sì ń pín wọn sí ẹgbẹ́: olùṣọ́ àdúgbò, panápaná àfikún, ọlọ́pàá àfikún, àwọn tó ń yọ ènìyàn lábẹ́ ilé tó wó, awakọ̀, ajíṣẹ́, àwọn tó ń fọ oró gáàsì kúrò, àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe. Àárín ìlú ni ilé ìdarí wà, tẹlifóònù ló sì kún ibẹ̀. Ìṣirò tí wọ́n ń lò ni pé ibùdó olùṣọ́ kan fún nǹkan bí 500 ènìyàn.

Ohun ìdánimọ̀ rẹ̀ ni aṣọ tí wọ́n ń so mọ́ apá: òbìrí aláwọ̀ búlúù, igun mẹ́ta funfun nínú rẹ̀, àmì iṣẹ́ ẹni nínú igun mẹ́ta náà. Ti olùṣọ́ àdúgbò ni ìlà pupa àti funfun tó dábùú. Akoto funfun tí ẹ kọ yẹn wà lóòótọ́, irú akoto pẹrẹsẹ tí àwọn ọmọ ogun lò nínú ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ni, wọ́n kan kùn ún ní ọ̀dà funfun ni. Àmọ́ ní oṣù kẹta 1942, ọ̀pọ̀ ìlú ò tíì rí i gbà. Aṣọ apá nìkan ni obìnrin yín máa ní. Ẹ jẹ́ kí akoto dé ní apá kẹrin tàbí ìkarùn-ún.

Ìyá_Adùnní kọ:

Mo fẹ́ fi kún ti Bàbá. Ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ́wọ́ olùṣọ́ àdúgbò kì í ṣe fèrè, ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni. Ó gbọ́dọ̀ mọ ilé kọ̀ọ̀kan: ènìyàn mélòó ló ń sùn níbẹ̀, yàrá wo ni wọ́n ń sùn sí, ta ni kò lè rìn, ọmọ ìkókó mélòó, ibo ni wọ́n ti ń ti gáàsì àti omi pa, ta ló ní àkàbà, ta ni kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù tó wà ní ìkóríta wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ilé bá wó, ìwé yẹn ló máa sọ fún àwọn tó ń walẹ̀ pé ènìyàn mẹ́rin ló kù lábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe méjì.

Tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní láti ní ìwé pélébé tàbí aṣọ pupa lójú, kó tàn sílẹ̀ nìkan.

Iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni kó ròyìn. Kó tó gbé garawa omi, kó tó fa ẹnikẹ́ni jáde, kó kọ́kọ́ pe ilé ìdarí: ibo ni, irú bọ́ǹbù wo, ìgbà wo, ṣé ènìyàn há sábẹ́ ilé, ṣé iná ń jó, ṣé ọ̀pá gáàsì tàbí omi ti bẹ́, ọ̀nà wo ló dí, àwọn wo ló ti débẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ lára London nìyẹn. Olùṣọ́ tó bá sáré wọ inú ilé láì ròyìn ti fi àwọn ilé mẹ́wàá yòókù sílẹ̀ láìsí olùrànlọ́wọ́.

Ibi tó ti ń dàrú ni tẹlifóònù. Bí fèrè bá ti dún, gbogbo ìlú ló máa gbé e láti bi ara wọn pé kí ló dé, ìròyìn olùṣọ́ ò sì ní kọjá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní àwọn ọ̀dọ́ ajíṣẹ́ tó ń gun kẹ̀kẹ́, tí wọ́n ti rin gbogbo ọ̀nà ìlú nínú òkùnkùn tẹ́lẹ̀. Ọmọ kan lórí kẹ̀kẹ́ tí kò ní iná, tó ń du ọ̀nà ilé ìdarí: ẹ ti rí ìró fún rédíò nìyẹn.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Houston kọ:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣé. Arẹwà, ohun kan wà tí ẹ ní láti tún wò nínú ìtàn yín. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta 1942, iná etíkun ṣì ń tàn yòò.

Láti oṣù kìíní ọdún yẹn ni ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ti wà níwájú etíkun Amẹ́ríkà. Reinhard Hardegen, ọ̀gá ọkọ̀ U-123, ri ọkọ̀ epo Norness ní 14 oṣù kìíní níwájú Long Island. Ní ọ̀dọ̀ tiyín ní New Jersey, U-578 yìnbọn lu ọkọ̀ epo R. P. Resor ní òru 26 mọ́jú 27 oṣù kejì, ní nǹkan bí 20 máìlì sí ẹnu omi Manasquan, àwọn ará etíkun sì rí iná rẹ̀. Ọkọ̀ abẹ́ omi yẹn kan náà ló ri ọkọ̀ ogun Jacob Jones nítòsí Cape May lọ́jọ́ 28. Méjì péré ló yè é nínú gbogbo àwọn ọkùnrin Resor. Ẹ ò nílò láti hùmọ̀ ewu. Ewu wà níwájú ilé obìnrin yín.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ọkọ̀ ojú omi ti paná tirẹ̀, ó ń rọra lọ lẹ́bàá etíkun. Ọkọ̀ abẹ́ omi dúró sí ọ̀nà òkun, ó kọjú sí ilẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ìlú tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn ló ń fi í hàn bí òjìji dúdú. 18 oṣù kẹrin 1942 ni àwọn ọmọ ogun ojú omi tó pàṣẹ pé kí wọ́n pa iná etí omi àti àmì ìpolówó tó ń tàn sókè. 18 oṣù karùn-ún ni àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ tó gbé òfin tó le ju ìyẹn lọ kalẹ̀. Títí di ìgbà yẹn, àwọn onílé ìtura kan ń yarí pé bí àwọn bá paná, àlejò ò ní wá.

Ẹ má sì da òfin méjì pọ̀. Pípa iná pátápátá ni ti ìgbà tí fèrè bá dún tàbí ìgbà ìdánrawò. Kò ju wákàtí mélòó kan lọ. Dídín iná kù ni ti alaalẹ́ létíkun, fèrè dún o, kò dún o. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ nítorí ọkọ̀ òfuurufú, ti ìkejì nítorí ọkọ̀ abẹ́ omi. Nínú ti ìkejì, wọ́n ń kun ìdajì òkè iná mọ́tò ní ọ̀dà dúdú, wọ́n ń fi nǹkan bo orí iná òpópónà àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó kọjú sí òkun, wọ́n ń pa àmì ìpolówó, fèrèsé tó bá kọjú sí omi sì gbọ́dọ̀ ní aṣọ.

Ajítòní kọ:

Ọmọ Ìjẹ̀bú, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí Arẹwà gbàgbọ́ pé pípa iná ló lé ọkọ̀ abẹ́ omi lọ. Àárín oṣù karùn-ún 1942 ni àwọn ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn pọ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láàárín Hampton Roads ní Virginia àti Key West ní Florida, tí ọkọ̀ ogun ń sìn wọ́n. Ìyẹn ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Hardegen ri ọkọ̀ epo Gulfamerica níwájú Jacksonville Beach ní 10 oṣù kẹrin, ìmọ́lẹ̀ etíkun ló sì fi rí i. Gómìnà Florida, Spessard Holland, pàṣẹ lẹ́yìn rẹ̀ pé kí wọ́n pa iná etíkun. Òfin ìmọ́lẹ̀ tọ́, ó kàn pẹ́ ni, kò sì dá iṣẹ́ ṣe.

Ohun mìíràn: fún ọkọ̀ òfuurufú, fèrèsé kan ṣoṣo lè tú àdúgbò síta, ìyẹn ló fi jẹ́ pé olùṣọ́ ń kan ilẹ̀kùn kiri. Fún ọkọ̀ abẹ́ omi, fèrèsé kan kò tó nǹkan. Ìmọ́lẹ̀ gbogbo ìlú tó ń lu ìkùukùu tó sì ń tàn padà ni ìṣòro. Ìlú tó bá ń bá ìyá arúgbó jà nítorí fìtílà nígbà tí iná ilé sinimá ń tàn sójú sánmà ò tíì ṣe nǹkan kan.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Houston kọ:

Ọ̀rọ̀ ilé sinimá yẹn dára gan-an. Wàhálà tó le jù nígbà ìdánrawò ni iná ṣọ́ọ̀bù tí olówó rẹ̀ ti tì í tó sì ti lọ sílé. Olùṣọ́ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti fọ́ fèrèsé. Ní Seattle, ní 8 oṣù Kejìlá 1941, ọjọ́ kejì Pearl Harbor, èrò tú jáde sáàárín ìlú, wọ́n ń fọ́ gíláàsì ṣọ́ọ̀bù tí iná rẹ̀ ṣì ń tàn, àwọn kan sì ń kó ọjà lọ. Lẹ́yìn irú èyí ni ìlú tó ń ṣòfin pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi iná sílẹ̀ láìsí ẹni tó lè pa á kíákíá. Ìdí nìyẹn tí kọ́kọ́rọ́ fi wà nínú ìwé tí Ìyá Adùnní ń sọ.

Arẹwà_Èdè kọ:

Háà, ẹ̀yin ará, a máa tún apá kìíní kọ pátápátá. A ti ní kó máa bá àwọn aládùúgbò jà nítorí òfin iná ní oṣù kẹta! Bí a bá sún ìjà yẹn sí oṣù karùn-ún, ó ti tọ́ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè ṣàlàyé bọ́ǹbù oníná fún wa? Nínú ìwé wa, ó da garawa omi lé e, iná náà sì kú.

Panápaná_Ọ̀ṣun kọ:

Bó bá da garawa omi lé e lẹ́ẹ̀kan náà, òun gan-an ló máa fara gbọgbẹ́.

Bọ́ǹbù tí gbogbo ènìyàn ń múra dè ni irú èyí tí Jámánì ń dà sórí London: ìwọ̀n kílò kan, kò ju ọ̀pá kékeré lọ, magnesium, irin fífúyẹ́ kan tó ń gbaná, ni ara rẹ̀, thermite, àdàpọ̀ lẹ́búlẹ́bú irin tó ń jó gbóná gan-an, ni inú rẹ̀. Bó bá já, ó máa lu òrùlé, ó sì máa dúró ní àjà. Thermite inú rẹ̀ á jó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, á máa ta irin yíyọ́ káàkiri, lẹ́yìn náà ni magnesium ara rẹ̀ á gbaná, á sì jó bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá bí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn án. Bọ́ǹbù yẹn fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń run ìlú. Ọkọ̀ òfuurufú kan lè da ọgọ́rọ̀ọ̀rún rẹ̀ sílẹ̀, panápaná ìlú ò sì lè dé ọgọ́rùn-ún àjà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí rèé tí iṣẹ́ náà fi di ti onílé.

Kí ogun tó dé rárá: ẹ kó àjà. Ìwé ìròyìn àtijọ́, aṣọ, àpótí àlòkù, gbogbo ẹ̀ ní láti sọ̀kalẹ̀. Àjà tó mọ́ ti dín iṣẹ́ kù ní ìdajì. Kí àkàbà tó dé ẹnu àjà sì máa wà nílé.

Magnesium tó ń jó ń gba afẹ́fẹ́ oxygen inú omi, ó sì ń tú hydrogen sílẹ̀, hydrogen yẹn náà á gbaná. Omi púpọ̀ lójijì á mú kó bú, á fọ́n irin gbígbóná sí ẹni tó dà á lójú. Bí omi bá ń bọ̀ bí ìrì, á kàn máa jó kíákíá títí á fi tán láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ohun èlò tí wọ́n ń lò ni pọ́ǹpù alátẹ̀sẹ̀ tí wọ́n ń ki ìdí rẹ̀ bọ garawa. Ó ní rọ́bà tó gùn tó 30 ẹsẹ̀ bàtà, ẹnu rẹ̀ sì ṣeé yí sí ìrì tàbí sí omi títọ̀. Ènìyàn mẹ́ta ló ń lò ó dáadáa: ọ̀kan di ẹnu rọ́bà mú, ọ̀kan ń fà á sókè sódò, ọ̀kan ń pọn omi. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, omi á tán lójú ìjà. Ẹni tó di rọ́bà mú á máa rákò, torí afẹ́fẹ́ tó ṣeé mí wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Á kọ́kọ́ fi omi títọ̀ pa iná tó ti ràn mọ́ igi yí bọ́ǹbù ká, kó tó wá yí ẹnu rọ́bà sí ìrì fún bọ́ǹbù fúnra rẹ̀. Nígbà tó yá, tí wọ́n rí i pé Jámánì ń fi ohun abúgbàù sínú àwọn kan, ìtọ́ni yí padà: ẹ dúró lẹ́yìn ògiri tàbí ilẹ̀kùn, ẹ jìnnà sí i.

Bí kò bá sí pọ́ǹpù, iyanrìn ni. Iyanrìn gbígbẹ. Èyí tó bá tutù á mú kó ta. Ẹ má jù ú o, ẹ rọra dà á bò ó láti ẹ̀gbẹ́, kó lè bo ojú ìmọ́lẹ̀ náà kẹ́ ẹ lè sún mọ́ ọn. Ẹ má da gbogbo iyanrìn tó wà nínú garawa tán: ẹ fi tó ìdajì sílẹ̀ nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ fi ṣọ́bìrì tí ọwọ́ rẹ̀ gùn gbé bọ́ǹbù náà sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e jáde. Bí iyanrìn ò bá sí nísàlẹ̀, ìdí garawa á yọ́ lójú ọ̀nà àkàbà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn bo bọ́ǹbù ní iyanrìn, kó rò pé ó ti parí, kó sọ̀kalẹ̀ lọ. Iyanrìn ò pa á, ó kàn bò ó ni; pátákó abẹ́ rẹ̀ ń jó lọ, á sì já sí yàrá ìsàlẹ̀.

Fún rédíò: kì í bú gbàù bó bá já. Ìró òrùlé tó fọ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ìró ṣíṣì bí epo gbígbóná tí wọ́n fi ń dín nǹkan. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ funfun débi pé wọ́n ń ní kí ènìyàn lo awò dúdú.

Ìyá_Adùnní kọ:

Àti pé kí ó má lo irú ẹ̀rọ panápaná kékeré tí carbon tetrachloride wà nínú rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ilé àti mọ́tò ní nígbà náà. Bí oògùn yẹn bá kan magnesium tó ń jó, ó ń mú gáàsì olóró tí wọ́n ń pè ní phosgene jáde, àjà sì jẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ò ti fẹ́. Ẹni tó fẹ́ gba ilé là á ti fi gáàsì pa ara rẹ̀.

Phosgene yẹn wà lára àwọn tí wọ́n ń kọ́ àwọn olùṣọ́ láti fi imú mọ̀: ó ń rùn bíi koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Mustard, gáàsì olóró mìíràn, ń rùn bí áyù.

Atọ́nà_Òfuurufú kọ:

Ẹ ti gbàgbé ẹgbẹ́ kan: àwọn tó ń wo ojú sánmà. Àwọn yẹn kò sí lábẹ́ OCD, abẹ́ àwọn ọmọ ogun òfuurufú ni wọ́n wà, Ground Observer Corps ni orúkọ wọn. Ará ìlú ni gbogbo wọn, wọn kì í gbowó. Orí òkè, orí ilé gíga, àtíbàbà àárín pápá, ibẹ̀ ni wọ́n ń wà tọ̀sán tòru. Bí obìnrin yín bá ní ọmọ tó wà nílé-ẹ̀kọ́ girama, ẹ lè fi í síbẹ̀, tàbí kí ọmọ náà máa fi igi gbẹ́ àwòkọ́ ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn ọmọ ogun ojú omi bẹ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1942 pé kí wọ́n gbẹ́ 500,000 irú rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà kan dúró fún 72, kí wọ́n kùn ún dúdú, kí àwọn ènìyàn lè fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìrísí nìkan dá ọkọ̀ mọ̀.

Bí wọ́n bá rí ọkọ̀ òfuurufú èyíkéyìí, tọ̀tá ni o, ti wa ni o, wọ́n á gbé tẹlifóònù, wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ méjì: "Army Flash". Akọ̀wé tẹlifóònù á já gbogbo ìpè mìíràn, á so wọ́n pọ̀ mọ́ ilé àyẹ̀wò lọ́gán. Láti ibẹ̀, ìtòlẹ́sẹẹsẹ kan ṣoṣo ni: iye ọkọ̀; oníẹ́ńjìnnì kan, méjì tàbí púpọ̀; ó wà nísàlẹ̀ ni tàbí lókè; ṣé ẹ rí i ni tàbí ẹ gbọ́ ọ; orúkọ àṣírí ibùdó yín; ìhà wo ló wà sí yín; máìlì mélòó; ibo ló kọrí sí. Wọn kì í sọ èrò ọkàn wọn pé "ó dà bíi ti Jámánì". Ilé àyẹ̀wò ló máa mọ̀, nípa fífi ìròyìn ibùdó mẹ́ta mẹ́rin wé ara wọn lórí tábìlì ńlá tó ní àwòrán ilẹ̀. Àwọn obìnrin olùyọ̀ǹda ló pọ̀ jù nídìí tábìlì yẹn.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé: gíga. Ojú ènìyàn ò mọ gíga díwọ̀n lójú sánmà tó mọ́. Ẹni tó bá sì gbọ́ ẹ́ńjìnnì nínú ìkùukùu máa ń tọ́ka sí ibi tí ìró ti wá, nígbà tí ọkọ̀ ti kọjá ibẹ̀. Ọ̀tá kì í wá, oorun sì ń kun ènìyàn, nítorí náà ìròyìn máa ń pẹ́. Wọ́n dín iṣẹ́ náà kù ní 1943, wọ́n tú u ká ní 1944.

Atlantic City sì wà nítòsí yín. Níbẹ̀ ni Civil Air Patrol, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ òfuurufú aládàáni tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1 oṣù Kejìlá 1941, ti bẹ̀rẹ̀ ìṣọ́ etíkun ní oṣù kẹta 1942. Ọkọ̀ kéékèèké oníẹ́ńjìnnì kan, ti ara wọn, méjì méjì ni wọ́n ń jáde, kí ọ̀kan lè sọ ibi tí ìkejì bá já sómi. Lákọ̀ọ́kọ́ kò sí ohun ìjà lára wọn rárá, rédíò nìkan ni. Nígbà tó yá ni wọ́n fi bọ́ǹbù sí i. Títí tí wọ́n fi dáwọ́ dúró ní 31 oṣù kẹjọ 1943, ènìyàn 26 kú nínú ìṣọ́ etíkun yẹn, ọkọ̀ 90 sì ṣòfò. Wọn ò gba obìnrin láyè láti fò nínú ìṣọ́ yẹn.

Arẹwà_Èdè kọ:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ìbéèrè kan tó ń jẹ wá lọ́kàn: ṣé wọ́n ń gba adúláwọ̀ wọlé? A ò fẹ́ kọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Bàbá_Àkójọ kọ:

Wọ́n ń gbà wọ́n, àmọ́ ìyàsọ́tọ̀ ń bẹ. Crystal Bird Fauset, obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn sí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kan l'Amẹ́ríkà (Pennsylvania, 1938), ṣiṣẹ́ ní OCD láti 1941, ọ̀rọ̀ àjọṣe láàárín ẹ̀yà ló ń bójú tó. Ní Chicago, Willa Brown, obìnrin adúláwọ̀ awakọ̀ òfuurufú, di ọ̀gá nínú Civil Air Patrol, kò sì sí adúláwọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ nípò bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Nípìnlẹ̀ Gúúsù, kíláàsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ibùdó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní New Jersey, àdúgbò ló sábà máa ń pín wọn: Northside ni ti àwọn adúláwọ̀ ní Atlantic City, nítorí náà olùṣọ́ àdúgbò náà á jẹ́ ọmọ àdúgbò.

Bí ẹ bá ń wá ibi tí ìjà gidi wà fún eré yín, ọ̀dọ̀ Red Cross ni. Àwọn ló ń kọ́ olùyọ̀ǹda ní ìtọ́jú ojú ẹsẹ̀. Àwọn kan náà ni kò kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ adúláwọ̀ rárá. Láti oṣù kìíní 1942 ni wọ́n tó gbà á, wọ́n sì ń yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ti aláwọ̀ funfun. Obìnrin yín á kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lọ́dọ̀ àwọn tí ò fẹ́ da ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn.

Ní London nígbà kan náà, Ita Ekpenyon, ọmọ Nàìjíríà, jẹ́ olùṣọ́ àdúgbò ní Marylebone. Ọ̀rọ̀ ibòmíràn nìyẹn, mo kàn dárúkọ rẹ̀ ni, torí àwa kan máa ń rò pé a ò sí níbẹ̀.

Ajítòní kọ:

Ní ti ẹni tó ní eré ọmọdé ni. Ẹ ní kó wo Honolulu, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pearl Harbor. Nínú àwọn ará ìlú tó kú níbẹ̀ lọ́jọ́ 7 oṣù Kejìlá 1941, ọta àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fúnra wọn, tí wọ́n yìn sókè tó sì já padà sílẹ̀, ló pa èyí tó pọ̀ jù. Ohun tó bá gòkè gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ìyẹn ni olùṣọ́ fi ń lé ènìyàn wọlé nígbà tí fèrè bá dún, kódà bí kò bá sí bọ́ǹbù. Ní Los Angeles, òru 24 mọ́jú 25 oṣù kejì 1942, àwọn ọmọ ogun yin ọta tó ju 1,400 lọ sójú sánmà tí kò sí ọ̀tá kankan níbẹ̀. Ìjàǹbá mọ́tò nínú òkùnkùn àti ìdákú ọkàn ló pa àwọn tó kú lóru yẹn. Òkùnkùn náà ń pààyàn, ẹ fi sínú eré yín: etí òpó àti òkúta ojú títì tí wọ́n kùn ní funfun kò sí fún ẹwà.

Bọ́ǹbù sì já o, ní ìwọ̀-oòrùn. Ní 9 oṣù kẹsàn-án 1942, Nobuo Fujita fò kúrò lórí ọkọ̀ abẹ́ omi Japan, I-25, ó ju bọ́ǹbù oníná sínú igbó nítòsí Brookings ní Oregon. Igbó tutù, àwọn olùṣọ́ igbó rí èéfín, wọ́n sì pa á. Láti ìparí 1944, Japan fi nǹkan bí 9,000 bàlúùnù tó gbé bọ́ǹbù ránṣẹ́. Ní 5 oṣù karùn-ún 1945, ọ̀kan pa ènìyàn mẹ́fà nítòsí Bly, ní Oregon yẹn kan náà, ọmọdé ni márùn-ún nínú wọn. Ìjọba ti ní kí àwọn oníròyìn má sọ̀rọ̀ rẹ̀ kí Japan má baà mọ̀ pé ó ń dé. Nítorí náà àwọn tó rí i nínú igbó ò mọ ohun tó jẹ́. Olùṣọ́ àdúgbò tó dára tó báwo kò lè kìlọ̀ ohun tí wọ́n ti fi pamọ́ fún un.

Ìyá_Adùnní kọ:

Bọ́sàn-án bá sì dé, obìnrin kan náà ló ń kó agolo. Ẹ jẹ́ kó ṣe é bó ṣe yẹ: fọ agolo, ya ìwé ara rẹ̀ kúrò, gé orí àti ìdí rẹ̀, kì wọ́n sínú, tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ. Rọ́bà àtijọ́ ni ti oṣù kẹfà 1942, sẹ́ǹtì kan fún pọ́ùn kan ní ilé epo. Ọ̀rá ìdáná náà: wọ́n ń sẹ́ ẹ sínú agolo, wọ́n ń gbé e lọ fún alápatà, torí glycerin inú rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ohun abúgbàù. Kó má gbé e lọ nínú ìgò, gíláàsì á fọ́ bí ọ̀rá gbígbóná bá kàn án.

Arẹwà_Èdè kọ:

Ó ku ẹyọ kan. Fèrè. Báwo ló ṣe ń dún? Ẹni tó ń ṣe ìró fún wa ti gba ọ̀kan sílẹ̀ tó ń lọ sókè sódò, ó sì ní òmíràn tó dúró gbọn-in.

Bàbá_Àkójọ kọ:

Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀. Láàárín ilé ìdarí, àwọ̀ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí tẹlifóònù: yẹ́lò ni pé ẹ múra, ará ìlú ò gbọ́ nípa rẹ̀, búlúù ni pé ó ń bọ̀, pupa ni pé ó dé, funfun ni pé ó ti lọ. Ní oṣù kejì 1943 ni wọ́n tó mú ti etíkun ìlà-oòrùn bára mu, tí fèrè tó dúró gbọn-in túmọ̀ sí búlúù, èyí tó ń lọ sókè sódò sì jẹ́ pupa. Eré yín kò dé ọdún yẹn. Ní 1942, ìlú kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ẹni tó bá rìnrìn àjò dé ìlú kejì lè gbọ́ fèrè ibẹ̀ kó ṣì í gbọ́. Ẹ lè fi ìyẹn ṣe àwàdà kékeré kan. Sáírẹ́ẹ̀nì ńlá tí ẹlẹ́rọ yín gbà sílẹ̀ yẹn wọ́n lówó, ọ̀pọ̀ ìlú kékeré ò tíì rí i rà ní oṣù kẹta. Fèrè ilé panápaná, agogo ṣọ́ọ̀ṣì tàbí fèrè ilé-iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ìwé ìròyìn ìlú ti kéde àmì rẹ̀ ṣáájú ìdánrawò.